Ìtàkùn olódòdó funfun tó bo òkè tí iná jó: ṣé kí ẹ pa á ni àbí kí ẹ fi í sílẹ̀?

Arábìnrin kan ló kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Apá òkè Santa Monica ní California níbí la ń gbé, ilé wa sì fẹ̀yìn ti òkè. Iná ìgbẹ́ jó òkè náà kanlẹ̀, Ọlọ́run ló yọ ilé wa. Nígbà tí òjò rọ̀, ìtàkùn kan hù, ó sì bo gbogbo ibẹ̀ tán. Òdòdó rẹ̀ funfun, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ewé rẹ̀ sì jọ ewé ọ̀dùnkún. Ó ti lọ́ mọ́ gbogbo igi tí iná jó kù, ó ti ń gun fẹ́ǹsì wa bọ̀. Aládùúgbò wa kan ní bindweed ni, pé bí a ò bá tètè pa á, kò ní í lọ mọ́ láéláé, pé ó máa fa omi ara àwọn igi yẹn gbẹ. Ẹni tó ń bá wa gé koríko ti ní òun máa wá fọ́n kẹ́míkà sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ mi obìnrin ní olùkọ́ òun sọ pé òdòdó ilẹ̀ ibí ni, ó ń bẹ̀ mí pé ká fi díẹ̀ sílẹ̀. Màmá mi tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta tún ní òun fẹ́ já ewé rẹ̀ sè. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn? Mo fi fọ́tò ránṣẹ́."

Ẹ kú ewu iná, arábìnrin mi. Mo bá yín dúpẹ́ pé ilé dúró. Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ẹni tó ń bá yín gé koríko lónìí, kí ẹ ní kó fi kẹ́míkà rẹ̀ sílẹ̀ ná. Àlàyé tí mo fẹ́ ṣe gùn, ẹ sì lè rọra kà á, ṣùgbọ́n bí kẹ́míkà bá ti kan òkè yẹn, kò sí àlàyé tó lè dá a padà.

Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, òdòdó yẹn fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń bà yín lẹ́rù. Ẹ ti rí i tí òkè tó kún fún igi di eérú láàárín ọjọ́ kan. Ní báyìí tí nǹkan tún fẹ́ máa hù, ẹ rò pé àjèjì ló ṣáájú dé, pé yóò jókòó lé àwọn igi tó fẹ́ sọjí lórí, kò sì ní í jẹ́ kí wọ́n mí. Ó yẹ kó bani lẹ́rù, nítorí ó máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ lórí àwọn òkè California, màá sì dárúkọ irú ewéko tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí mo bá dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ onílẹ̀ ni ìtàkùn tó wà nínú fọ́tò yín. Ó ti wà lórí òkè yẹn kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtikọ́ ilé sí ìdí rẹ̀.

Fọ́tò tí wọ́n yà láti abẹ́ òdòdó ló jẹ́ kó dá mi lójú, ẹ bá mi kí ẹni tó yà á. Bí ẹ bá yí òdòdó náà dojú dé, ẹ ó rí ewé pẹlẹbẹ kékeré méjì níbi tí òdòdó ti pàdé ọ̀pá rẹ̀. Wọ́n dojú kọra, wọ́n sì bo ìdí òdòdó bí àtẹ́lẹwọ́ méjì tó di nǹkan mú. Ẹ fi èékánná ṣí wọn díẹ̀. Nínú wọn lọ́hùn-ún lẹ ó ti rí ewé wẹ́wẹ́ márùn-ún tó gbé òdòdó dúró gan-an, tí ẹni tó ń kọjá lọ kò lè rí. Ìtàkùn tó bá ní ìbòrí méjì yìí, tí òdòdó rẹ̀ funfun, tí ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ewé rẹ̀ ní igun mẹ́ta bí orí ọfà, tó sì ń hù lórí òkè gbígbẹ tó súnmọ́ òkun ní gúúsù California, Calystegia macrostegia ni. Òdòdó rẹ̀ máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 6. Bó bá ṣe ń gbó, funfun rẹ̀ á máa yí sí pupa díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí funfun àti pupa lára ìtàkùn kan ṣoṣo.

Ilẹ̀ rẹ̀ kò fẹ̀ púpọ̀. Àwọn òkè etíkun ni, láti àárín California sọ̀kalẹ̀ dé Baja California ní Mexico, pẹ̀lú àwọn erékùṣù tó wà nínú òkun níwájú Ventura àti Los Angeles, irú bí Anacapa, Santa Cruz, Santa Catalina àti San Clemente. Ní erékùṣù, níbi tí kùrukùru òkun ti ń mú kí ilẹ̀ tutù, ewé rẹ̀ máa ń tóbi, òdòdó rẹ̀ náà a sì tóbi. Lórí òkè tiyín níbẹ̀ tí oòrùn ti le, ewé rẹ̀ máa ń tín-ín-rín, ó sì lè rọ pátápátá tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Ẹ má ṣe rò pé ó kú nígbà náà. Ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀ le bí igi, ó ń dúró de òjò ni. Ìtàkùn kan ṣoṣo lè gùn dé mítà 9, nítorí náà ohun tí ẹ rí tó bo ẹ̀gbẹ́ òkè odindi lè jẹ́ ìdí mélòó kan péré.

Aládùúgbò yín ní tiẹ̀ kò purọ́ o, ẹbí ló ṣì mú fún ẹbí. Nígbà tí onímọ̀ ewéko kan, Edward Lee Greene, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ìtàkùn yìí ní 1885, láti ara èyí tó hù ní erékùṣù Guadalupe tó jẹ́ ti Mexico, ó kà á mọ́ Convolvulus, ìyẹn àwùjọ tí bindweed wà. Brummitt, onímọ̀ ewéko ní ọgbà ewéko Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, ló wá kó o lọ sí àwùjọ Calystegia lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bí àwọn tó kàwé ìmọ̀ ewéko bá lè kà wọ́n mọ́ra fún ìgbà pípẹ́, a kò lè bá aládùúgbò wí. Bindweed tó ń sọ, Convolvulus arvensis, Yúróòpù àti Éṣíà ló ti wá, ó sì yẹ kí èèyàn bẹ̀rù rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ lè wọlẹ̀ tó mítà 6. Ẹ fi ọkọ́ gé e sí ègé mẹ́wàá, ẹ lè rí ìtàkùn mẹ́wàá. Kóró rẹ̀ lè sùn nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún kó tó hù. Àgbẹ̀ tó bá ti wọ oko rẹ̀ mọ ohun tó dé bá òun.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe yàtọ̀. Òdòdó bindweed kéré, kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 2 ààbọ̀ lọ. Òun náà ní ewé kékeré méjì lára ọ̀pá òdòdó, ṣùgbọ́n wọ́n tín-ín-rín bí òwú, ìsàlẹ̀ ọ̀pá ni wọ́n wà, wọ́n jìnnà sí òdòdó, wọn kò sì bo ohunkóhun. Bí ojú yín bá ríran dáadáa, ẹ wo àárín òdòdó pẹ̀lú: ọ̀pá funfun kan wà níbẹ̀ tí orí rẹ̀ pín sí méjì. Ti bindweed, ẹ̀ka méjèèjì tẹ́ẹ́rẹ́. Ti Calystegia, wọ́n sanra, wọ́n sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibi tí wọ́n ń gbé náà yàtọ̀. Bindweed fẹ́ràn ilẹ̀ tí èèyàn ti tú, ilẹ̀ tí wọ́n ń bomi rin: oko, etí títì, koríko iwájú ilé, ẹ̀gbẹ́ páìpù omi. Orí òkè gbígbẹ láàárín igbó kì í ṣe ilé rẹ̀. Òmíràn tún wà tí mo fẹ́ dárúkọ kọjá, ìyẹn Ipomoea olódòdó búlúù tí àwọn èèyàn ń gbìn sára fẹ́ǹsì. Èyí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yẹn, ní etíkun tí òtútù kò ti le ó sì máa ń sá kúrò nínú ọgbà wọ igbó. Tiyín kì í ṣe búlúù, ewé rẹ̀ kò sì rí bí ọkàn, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ ó wá bi mí pé, bó bá jẹ́ ọmọ onílẹ̀, níbo ló wà ní gbogbo ọdún tí ẹ ti ń wo òkè yẹn kí iná tó jó? Inú ilẹ̀ ló wà. Èyí ni apá tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n lò díẹ̀ nínú àkókò yín. Kóró ìtàkùn yìí ní èèpo líle tí omi kò lè wọ̀. Bó bá bọ́ sílẹ̀, òjò á rọ̀ lé e lọ́dọọdún, kò ní í hù, yóò kàn máa wà níbẹ̀. Bí igbó bá ṣe ń dàgbà, tí igi ń di ọ̀pọ̀, oòrùn kì í dé ilẹ̀ mọ́, ìtàkùn tó wà lókè á máa dín kù, a ku díẹ̀ ní etí ọ̀nà àti ibi tó ṣí sílẹ̀. Lójú ẹni tó ń kọjá, ó ti tán. Lọ́jọ́ tí iná bá wá jó, èyí tó wà lójú ilẹ̀ á jóná, ṣùgbọ́n èyí tí yẹ̀pẹ̀ bò díẹ̀, ooru á kàn sán èèpo rẹ̀. Ojú ibi tó sán yẹn ni omi á gbà wọlé nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá dé. Jon Keeley, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí iná nínú igbó California, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ti fi hàn pé irú kóró báyìí pọ̀ lórí àwọn òkè yìí: ooru iná gan-an ló ń jí wọn. Nígbà tí wọ́n bá sì jí, ohun gbogbo ti wà nílẹ̀ dè wọ́n. Oòrùn pọ̀, nítorí igi tó ń ṣíji bò wọ́n ti jó. Eérú ti di ajílẹ̀. Igi tó jó dúró bí ọ̀pá tí wọ́n fẹ́ gùn. Ẹ ò rí i pé kò sí ohun tó kù fún wọn láti wá.

Lẹ́yìn iná Woolsey ti oṣù kọkànlá ọdún 2018, tó jó nǹkan bí éékà 97,000 ní apá Malibu àti Ventura, ìtàkùn yìí wà lára ohun tí ojú máa ń kọ́kọ́ rí lórí àwọn òkè náà nígbà ìrúwé. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ kọjá ń dúró ya fọ́tò. Ohun tí wọn kò dúró wò ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ gbé ìtàkùn náà sókè nídìí igi tó jó, ẹ ó rí ẹ̀ka tuntun pupa tàbí àwọ̀ ewé tó ń yọ láti ìdí igi náà. Igi kékeré orí òkè yín tí wọ́n ń pè ní laurel sumac máa ń tètè ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń jẹ́ toyon àti chamise náà ń ṣe é. Iná jó orí wọn, kò jó ìdí wọn. Igi kékeré mìíràn tó ń jẹ́ Ceanothus ní tiẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kú pátá, kóró wọn ni ooru tún jí, gẹ́gẹ́ bí ti ìtàkùn. Gbogbo wọn ló ń dàgbà lábẹ́ ìbòrí yẹn. Bí wọ́n bá ti ga kọjá rẹ̀, wọ́n á ṣíji bò ó, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí dín kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oṣù kan méjì. Ọdún bíi mélòó kan ni, ó sì tún kù sọ́wọ́ bí òjò bá ṣe rọ̀ sí. Ọdún tí òjò bá pọ̀, ìtàkùn á pọ̀. Ọdún ọ̀dá, ẹ lè máà rí i púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ pé ó ń fa omi ara igi gbẹ ńkọ́? Àwa Yorùbá máa ń sọ pé àfòmọ́ ò légbò, gbogbo igi ló bá tan. Èyí tẹ́ ẹ ní yìí légbò tirẹ̀ nínú ilẹ̀. Kì í gún ara igi, kì í mu oje ẹnikẹ́ni, ó kàn ń fi wọ́n ṣe ọ̀pá ni. Àmọ́ o, nínú ìdílé kan náà, àfòmọ́ tòótọ́ wà, òun náà sì máa ń jáde lẹ́yìn iná lórí òkè yín: Cuscuta californica. Okùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ọsàn tó pọ́n, kò ní ewé tí ojú rí. Òun ló ń lẹ̀ mọ́ ara ewéko mìíràn tó ń mu ún. Bí aládùúgbò yín bá rí okùn ọlọ́sàn bẹ́ẹ̀ láàárín ìtàkùn olódòdó funfun, ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ọmọ onílẹ̀ ni Cuscuta yìí pẹ̀lú, kì í ṣe nǹkan tí ẹ nílò láti fi kẹ́míkà lé.

Kí n sọ òdì kejì rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí n kò fẹ́ fi ìfẹ́ tí mo ní sí ewéko yìí tàn yín jẹ. Ó lè bo igi kékeré kan mọ́lẹ̀ débi pé oòrùn ò ní í kàn án. Bí igi náà bá ti ní ìdí àtijọ́ nínú ilẹ̀, kò sí ewu, yóò gba àárín rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbin igi tuntun tí kò tíì ga ju orúnkún lọ, ẹ má fi í sílẹ̀ fún ìtàkùn. Ẹ fi àlùmọ́gàjí tàbí ọwọ́ gé èyí tó gùn ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ sórí rẹ̀ dípò kí ẹ máa fà á, torí fífà lè fa ẹ̀ka igi náà ya. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni fún igi kọ̀ọ̀kan, kò gba oògùn kankan.

Ó wá ku ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù, ìyẹn kẹ́míkà. Bí ẹ bá fọ́n oògùn apakoríko sórí ìtàkùn tó bo ẹ̀gbẹ́ òkè, gbogbo ẹ̀ka tuntun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni oògùn náà á kàn, nítorí kò mọ ewé ìtàkùn yàtọ̀ sí ewé toyon. Ẹ ó pa ìtàkùn, ẹ ó sì pa igi tí ẹ ní ẹ fẹ́ gbà là. Ilẹ̀ ò sì ní í ṣófo lọ títí. Mọ́sítáàdì dúdú tó ń yọ òdòdó yẹ́lò, tó ga ju èèyàn lọ, àti àwọn koríko brome tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Mẹditaréníà, àwọn ló máa gba ibẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni àjèjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n máa ń tètè gbẹ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó jinlẹ̀, wọ́n ń gbiná wàràwàrà, iná tó bá sì tún jó láàárín ọdún díẹ̀ kò ní í jẹ́ kí igi lágbára tó láti padà. Òkè tí iná bá jó lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta láàárín àkókò kúkúrú lè di koríko pátápátá. A ó kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó wá bá adìẹ wí. Bó bá jẹ́ pé ẹ ní agbára tàbí owó tí ẹ fẹ́ ná sórí òkè yẹn, ẹ fi fa mọ́sítáàdì tu nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, kó tó so kóró.

Kò tán síbẹ̀. Oyin kan wà tí wọ́n ń pè ní Diadasia bituberculata, eruku òdòdó Calystegia ló fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe oyin tó ń gbé pọ̀ nínú ilé oyin. Abo kọ̀ọ̀kan ló ń gbẹ́ ihò tirẹ̀ sínú ilẹ̀ líle, yóò sì fi ẹrẹ̀ mọ ọ̀nà kékeré sókè lẹ́nu ihò náà. Bí ẹ bá rìn lójú ọ̀nà òkè lówùúrọ̀ nígbà tí òdòdó bá pọ̀, ẹ wo ilẹ̀ gbọọrọ tí koríko ò bò: ẹ lè rí àwọn ilé ẹrẹ̀ kéékèèké bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ fi hàn ọmọ yín. Oyin náà kì í wá èèyàn jà.

Ohun mìíràn ni pé ó ṣeé ṣe kí òkè tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì yín má jẹ́ tiyín. Àgbègbè Santa Monica Mountains National Recreation Area, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1978, kì í ṣe ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti aládàáni ló so kọ́ra níbẹ̀. Kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́n nǹkankan síbẹ̀, ẹ wo ìwé ilẹ̀ yín, kí ẹ mọ ibi tí ààlà wà.

Ẹ tún ro ti àgbàrá. Òkè tí iná bá ti bó láṣọ, òjò líle lè sọ ọ́ di ẹrẹ̀ tó ń ṣàn. Iná ìgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní iná Thomas jó ní California lóṣù Kejìlá 2017. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní 2018, òjò rọ̀ sórí òkè tó jó náà, ẹrẹ̀ àti òkúta ńlá ya wọ ìlú Montecito, èèyàn 23 ló bá a lọ. N kò sọ pé ìtàkùn lè dá irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ dúró, kò lè dá a dúró. Gbòǹgbò igi ńlá ni òkè gíga nílò, ìyẹn sì gba ọdún. Ṣùgbọ́n ewé tó bo ilẹ̀ máa ń gba agbára kíkán òjò kó tó kan yẹ̀pẹ̀, ìdí ìtàkùn náà sì ń di yẹ̀pẹ̀ òkè mú díẹ̀. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́ tí igi kò tíì ga, díẹ̀ yẹn ju asán lọ. Ẹni tó bá bó o kúrò ṣáájú ìgbà òjò ń fi òkè sílẹ̀ láìbò.

Ní ti èyí tó ti gun fẹ́ǹsì, ẹ gé e kúrò láìṣiyèméjì. Ibí yìí ni èmi àti ẹni tó ń bá yín gé koríko ti fohùn ṣọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlùmọ́gàjí ni màá gbé lé e lọ́wọ́. Nígbà òjò, ìtàkùn náà tutù, kò rọrùn kó gbiná. Ní oṣù kẹjọ àti kẹsàn-án, ó ti di okùn gbígbẹ wẹ́wẹ́, bó bá sì wà lára fẹ́ǹsì onígi tó so mọ́ ilé, ọ̀nà lẹ là fún iná wọlé. Òfin California ní kí ẹni tó ń gbé ní irú àdúgbò yín máa tọ́jú ẹsẹ̀ bàtà 100 tó yí ilé ká, tàbí títí dé ààlà ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí nǹkan gbígbẹ wà rárá láàárín ẹsẹ̀ bàtà 5 tó súnmọ́ ògiri. Láti ibẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 100, ẹ lè jẹ́ kí ìtàkùn náà tàn sílẹ̀ nígbà ìrúwé, kó yọ òdòdó, kó so kóró, lẹ́yìn náà kí ẹ gé e mọ́lẹ̀ bó bá ti ń gbẹ. Ìdí rẹ̀ á tún hù. Ẹ má jẹ́ kó gun igi tó súnmọ́ òrùlé, torí iná máa ń gba orí nǹkan tó bá so kọ́ra gòkè. Ohun tó wà lókè ju ìyẹn lọ, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ bá mi kí Màmá dáadáa, kí ẹ sì sọ fún wọn pé mo lóye ohun tí wọ́n rí. Ọ̀dùnkún, ìtàkùn yìí àti gbọ̀ọ̀rọ̀ ayaba tó ń tàn lórí iyanrìn etí òkun nílé, ìdílé kan náà ni wọ́n, ẹni tó bá ti ń já ewé ọ̀dùnkún láti kékeré gbọ́dọ̀ rí ìjọra náà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má sè é o. Ìdílé yìí ní èyí tó ń bọ́ni, ó sì ní èyí tó ń mú kí èèyàn máa ṣu ṣáá láìdúró, nítorí oje inú wọn. Láti ara Calystegia ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ti kọ́kọ́ rí èròjà kan tí wọ́n wá ń pè ní calystegine, tó máa ń dí iṣẹ́ àwọn èròjà tó ń da oúnjẹ nínú ara. Bindweed tó jẹ́ ẹbí rẹ̀ ti ṣe ẹṣin léṣe. Ewé tí ó bá wu Màmá láti sè, ẹ ra iṣu ọ̀dùnkún kan lọ́jà, ẹ gbé e sínú omi títí yóò fi hù, kí ẹ rì í sínú ìkòkò yẹ̀pẹ̀. Wọ́n á já ewé tó dá wa lójú kí wọ́n tó padà sílé.

Ọmọ yín tó fẹ́ kí ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀, òun ni mo bá fọwọ́ sí, àti olùkọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ní àyè kan tó jìnnà sí ilé, tí oòrùn ń pa, ẹ jẹ́ kó ṣa kóró nígbà tí àpò rẹ̀ bá gbẹ tó sì pọ́n bí èèpo igi. Kóró náà dúdú, ó le. Níwọ̀n ìgbà tí kò ní sí iná láti sán an, kó fi sáńpépà ha ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ díẹ̀ títí inú rẹ̀ á fi hàn, kó rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kó gbìn ín ṣáájú òjò oṣù kọkànlá. Kóró tó wá láti orí òkè tiyín gan-an dára ju èyí tí ẹ máa rà lọ, ṣùgbọ́n bí òkè náà bá jẹ́ ti ìjọba, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ṣa nǹkan kúrò níbẹ̀. Àwọn tó ń ta ewéko ilẹ̀ California máa ń ta ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní 'Anacapa Pink', tó wá láti erékùṣù Anacapa, òdòdó rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó sì tóbi. Ó rẹwà púpọ̀. Bí àyè yín bá kéré, ẹ má gbìn ín, yóò bo gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá sì gbìn ín, ẹ má bomi rin ín púpọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkè gbígbẹ ni ara rẹ̀ mọ́ ọn.

Mo ní láti sọ èyí kí ẹ má bàa fi ọ̀rọ̀ mi ṣe ju bó ti yẹ lọ: fọ́tò ni mo wò, òdòdó kan ni mo rí ìdí rẹ̀. Ó dá mi lójú nípa èyí tó wà lórí òkè. Èyí tó wà lára fẹ́ǹsì, àwòrán rẹ̀ kò hàn kedere, ilẹ̀ tí ẹ ń bomi rin sì súnmọ́ ọn. Kò sóhun tó ní kí méjèèjì má jọ wà níbẹ̀. Ẹ yí òdòdó bíi mélòó kan dojú dé lára fẹ́ǹsì náà. Bí ẹ bá rí èyí tó kéré tí kò ní ìbòrí méjì, ẹ gbẹ́ ìdí rẹ̀ díẹ̀, ẹ wò ó bóyá gbòǹgbò funfun tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń sáré lọ lábẹ́ ilẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, aládùúgbò yín jàre ní apá ibẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò sì gba sùúrù ọ̀pọ̀ ọdún: gígé e léraléra kí ewé rẹ̀ má lè bọ́ gbòǹgbò, dídín omi ibẹ̀ kù, àti oògùn tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn sára ìtàkùn náà nìkan, kì í ṣe èyí tí wọ́n fọ́n. Kí ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ ya fọ́tò ìdí òdòdó náà àti gbòǹgbò rẹ̀, kí ẹ gbé owó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n lè mọ bó ṣe tóbi tó, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.